Ọ̀nà márùn-ún tí ẹ̀yà onílẹ̀ lè gbà ní tíṣà tiẹ̀: èwo ló bá yín mu?

Òfin kan wà tí mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Lọ́dún 2008, ní Nunavut lápá àríwá Kánádà níbi tó jẹ́ pé àwọn Inuit, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ló pọ̀ jù, wọ́n ṣòfin pé tó bá fi máa di sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ 2019 sí 2020, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lè fi èdè Inuit kàwé láti kíláàsì àwọn ọmọ kékeré títí dé kíláàsì kejìlá, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí ọjọ́ pé, wọn ò rí i ṣe. Lọ́dún 2020 wọ́n tún òfin yẹn ṣe, wọ́n sún gbèdéke ẹ̀ dé 2039. Kì í ṣe pé àwọn òbí ò fẹ́ o, èdè náà ò sì tíì kú, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ nílé lójoojúmọ́. Ohun tí ò tó ni tíṣà tó gbọ́ èdè yẹn dénú tó sì tún ní láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún tí wọ́n ṣòfin yẹn á ti di òbí kó tó di 2039.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ wọn kí àwọn mìíràn tó dé bá wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kọmití ẹ̀kọ́, ẹ̀yin aṣáájú àwùjọ, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tíṣà láàárín àwọn èèyàn yín, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọ̀nà tí wọ́n ti dán wò káàkiri ayé pọ̀ gan-an ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tò ó jọ, kò ju márùn-ún lọ: ẹ lè rán ọ̀dọ́ lọ sí yunifásítì nílùú ńlá, ẹ lè ní kí yunifásítì wá bá yín nílé, ẹ lè jẹ́ kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ nílé-ìwé yín kó máa lọ kàwé nígbà ọlidé, ẹ lè dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiyín sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gba àṣẹ fún àwọn àgbà tó gbọ́ èdè kí wọ́n wọ kíláàsì láìdúró de dìgírì.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ ń tọrọ nǹkan. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní 169, ti ọdún 1989, sọ ọ́ ní Àpilẹ̀kọ 27 pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yà wọ̀nyí gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì lọ́wọ́ nínú ṣíṣètò àti bíbójú tó ẹ̀kọ́ tiwọn. Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2007 tún sọ ọ́ ní Àpilẹ̀kọ 14 pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ kí wọ́n sì darí ẹ̀, ní èdè tiwọn. Tẹ́ ẹ bá lọ bá ìjọba jókòó, ẹ mú un dání.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ìwé-ẹ̀rí. Ẹ má wo orúkọ rẹ̀, ohun tó lè ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé á jẹ́ kó kọ́ ọmọ níbikíbi, kí owó oṣù ẹ̀ sì bá ti àwọn tíṣà yòókù dọ́gba, àbí abúlé yín nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n? Mo fi èyí ṣáájú torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Obìnrin kan á ti wà nínú kíláàsì fún ogún ọdún, òun ló ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ, òun ló mọ ìdí tí ọmọ kan fi ń sunkún, òun ló mọ ilé tí wọn ò ti jẹun sùn, síbẹ̀ "olùrànlọ́wọ́" ni wọ́n ń pè é, tíṣà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé lọ́sẹ̀ tó kọjá wá di ọ̀gá ẹ̀, tó bá sì fi máa di ọdún tó ń bọ̀ ẹni yẹn á ti lọ, wọ́n á tún mú òmíràn wá, kí obìnrin yìí tún wá kọ́ ọ níṣẹ́.

Èkejì, báwo ni àkókò tí èèyàn máa fi kúrò nílé ṣe máa gùn tó? Ẹ wo àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí gan-an láàárín yín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyálọ́mọ ni wọ́n, wọ́n ń tọ́jú òbí tó ti dàgbà, wọ́n ní iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé. Ètò tó bá ní kí wọ́n kó kúrò nílé fún ọdún mẹ́rin ti lé wọn jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, èdè àti ìmọ̀ àwọn àgbà: ṣé inú kọ́ọ̀sì gan-an ló wà, tí wọ́n ń fún un ní máàkì, àbí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún? Ẹ̀kẹrin, owó, kì í sì í ṣe owó ilé-ìwé nìkan o, ẹ ka owó ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú, ilé gbígbé, ẹni tó máa bá wọn tọ́jú ọmọ, àti owó oṣù tí wọ́n máa pàdánù. Ìkarùn-ún tí mo rò pé àwọn èèyàn kì í béèrè tó ni pé ta ló di àpò owó mú, tí ẹni yẹn bá sì yí ọkàn padà lọ́la, kí ló kù sí yín lọ́wọ́?

Kí ọ̀dọ́ lọ sí yunifásítì nílùú ńlá

Èyí ló yá jù láti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa kọ́, kò sí olùkọ́ tẹ́ ẹ máa wá kiri. Ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ ò láríyànjiyàn, ibi tó bá wù ú ló lè fi ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ náà sì ni ewu ẹ̀ wà. Ọdún mẹ́rin pọ̀ láyé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé girama. Á ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, á ṣeé ṣe kó ṣègbéyàwó níbẹ̀, iṣẹ́ tó lówó jù á sì máa pè é. Ẹni tó bá padà wálé ńkọ́, ó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ìlú ńlá, pẹ̀lú ìwé ọmọ ìlú ńlá, èdè ẹ̀ ti ń lọ́ tìkọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi èdè yẹn ṣàlàyé ìṣirò. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa ń mọ̀ ọ́n lára tíṣà tó ń bẹ̀rù èdè ara ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà yìí nìkan lẹ ní, ohun méjì wà tó lè gbà yín. Ọ̀kan ni pé kẹ́ ẹ má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ní Saskatchewan ní Kánádà, ilé-ẹ̀kọ́ Gabriel Dumont tó jẹ́ ti àwọn Métis, ẹ̀yà onílẹ̀ kan níbẹ̀, dá ètò SUNTEP sílẹ̀ lọ́dún 1980, wọ́n ń kọ́ tíṣà ní Regina, Saskatoon àti Prince Albert, ìlú ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń wọlé bí ẹgbẹ́ kan ni, ìtàn àti àṣà Métis wà nínú iṣẹ́ wọn, àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ sì wà nítòsí. Ìkejì ni àdéhùn ìpadàbọ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní owó ìrànwọ́ kan fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń kàwé fún iye àkókò kan náà tó fi gba ẹ̀kọ́ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dá owó padà. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ́ níwọ̀n, torí tẹ́ ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ jù, gbèsè lẹ dì lé ọmọ yín lórí.

Kí yunifásítì wá bá yín nílé

Ibí ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù ti wáyé. Lọ́dún 1972 ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní First Nations ní Kánádà gbé ìwé kan jáde tó ní àwọn fúnra wọn ló yẹ kó máa darí ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí wọ́n béèrè sì ni tíṣà tó jẹ́ ọmọ wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, 1974, University of British Columbia bẹ̀rẹ̀ NITEP: wọ́n ṣí àwọn ibùdó sí àwọn ìlú tó jìnnà sí Vancouver, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe àwọn ọdún àkọ́kọ́ nítòsí ilé, kó tó wá lọ parí ẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn Inuit gba tiwọn lọ́dún 1979 níbi tó ń jẹ́ Iqaluit lónìí. Ní Ọsirélíà, ètò AnTEP bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, ó sì wá bọ́ sábẹ́ yunifásítì South Australia, àwọn olùkọ́ ètò náà gan-an ló lọ ń gbé lórí ilẹ̀ ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń jẹ́ Aṉangu, irú bíi Pukatja tí wọ́n ń pè ní Ernabella tẹ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ Queensland níbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ètò RATEP lọ́dún 1990: kọ́ọ̀sì wà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọn ò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, tíṣà kan wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan tó ń bá wọn jókòó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kẹ́ ẹ rántí tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé íntánẹ́ẹ̀tì ti yanjú gbogbo nǹkan. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí èèyàn níbẹ̀, láìsí yàrá, láìsí ojúgbà tẹ́ ẹ jọ ń fi orí kọ orí, ọ̀pọ̀ ló máa ń já sílẹ̀ lọ́nà, mi ò sì kà á sí ọ̀nà kan gbòógì nínú èyí tí mo ń kọ yìí.

Ohun tó dáa jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ìyálọ́mọ lè ṣe é. Ọ̀sán ló wà ní kíláàsì, alẹ́ ló wà nílé. Nígbà tó bá lọ ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà, ọmọ àbúrò ẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò ẹ̀ ló ń kọ́, ó mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó parí, ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, kò sí pé à ń retí kó padà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ TP yẹn dáadáa o. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú kíláàsì, olùdánwò láti yunifásítì jókòó lẹ́yìn, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí fọ́ọ̀mù ń wá ni ọmọ tó ń nawọ́, ọmọ tó ń dáhùn sókè, tíṣà tó ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà onílẹ̀, ọmọ á kọ́kọ́ wo àgbà tó ń ṣe nǹkan, á wò ó pẹ́, á lọ dán an wò níkọ̀kọ̀, ìgbà tó bá dá a lójú pé òun ti mọ̀ ọ́n ló tó ṣe é lójú èèyàn. Tíṣà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní dójú ti ọmọ láàárín ojúgbà ẹ̀. Á fi nǹkan hàn wọ́n, á dákẹ́, á jẹ́ kí wọ́n rọra sún mọ́ ọn ní méjì méjì. Kíláàsì á pa lọ́lọ́, iṣẹ́ ń lọ, olùdánwò á sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àwọn ọmọ ò kópa. Mo ń bẹ̀ yín, kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni méjì ló máa fún un ní máàkì, ọ̀kan láti yunifásítì, ọ̀kan láti àárín yín, kí ohùn àwọn méjèèjì sì dọ́gba.

Owó ńkọ́? Ó wọ́n. Tẹ́ ẹ bá pín in sórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ju ti ìlú ńlá lọ dáadáa, torí èèyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá lè wà nínú kíláàsì kan, síbẹ̀ olùkọ́ kan náà ni wọ́n nílò, ilé olùkọ́, yàrá ìkàwé, ọkọ̀ òfuurufú láwọn ibi tí ọ̀nà ò dé. Torí náà ẹni tó bá ń fi kálíkúlétọ̀ nìkan wò ó á máa rí i bí ìnákúnàá. Ìdáhùn yín ni pé kí wọ́n ka iye tí wọ́n ń ná lọ́dọọdún láti kó tíṣà àlejò wá, láti fún wọn nílé, láti wá àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n bá lọ, kí wọ́n kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń fì ni ọ̀rọ̀ àpò owó. NORTEP, ètò ẹ̀kọ́ tíṣà kan ní La Ronge, ní ìhà àríwá Saskatchewan, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Kó tó dé, àwọn tíṣà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yẹn ò tó nǹkan rárá, àwọn àlejò ń wá wọ́n ń lọ. Nǹkan bí ogójì ọdún ni ètò yìí fi ń mú tíṣà jáde, ọ̀pọ̀ wọn dúró sí àríwá níbẹ̀, àwọn kan di ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́dún 2017 ìjọba ìpínlẹ̀ dá owó ẹ̀ dúró, wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ sábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn ti fi ogójì ọdún kọ́ ṣe parẹ́ lórúkọ. Ìyẹn dùn mí gan-an. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà yìí ò dáa o, ohun tó fi hàn ni pé àdéhùn ọdún kọ̀ọ̀kan ò tó, ẹ béèrè ọdún mẹ́wàá, kí àwọn tó bá ti wọlé lè parí, ó kéré tán.

Kéèyàn máa ṣiṣẹ́ nílé-ìwé, kó máa lọ kàwé nígbà ọlidé

Èmi fúnra mi, èyí ni mo fẹ́ràn jù fún àwùjọ tó pọ̀ jù lọ, màá sì sọ ìdí ẹ̀.

Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé-ìwé yín tẹ́lẹ̀, bóyá bí olùrànlọ́wọ́, ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ń wọlé. Nígbà tí ilé-ìwé bá palẹ̀ mọ́, á lọ sí yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun àti àwọn bíi tiẹ̀ láti ìlú mìíràn, wọ́n á kàwé láti àárọ̀ dé alẹ́, á sì kó iṣẹ́ padà wálé tó máa ṣe nínú kíláàsì ẹ̀ gan-an. Ní Brandon University ní Manitoba, ní Kánádà, wọ́n ti ń ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, PENT ni wọ́n ń pè é. Ní Brazil, yunifásítì ìpínlẹ̀ Mato Grosso bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Barra do Bugres lọ́dún 2001, igba (200) akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, láti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, wọ́n ń pàdé lóṣù kìn-ín-ní, oṣù kejì àti oṣù keje, ìyókù ọdún wọ́n wà lábúlé, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń lọ bá wọn. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún wọn, dìgírì pípé ni.

Ní Peru, FORMABIAP ní Iquitos bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amazon tó ń jẹ́ AIDESEP àti ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà ti ìjọba jọ dá a sílẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ìgbà kan, á padà sábúlé fún ìgbà kan, àwọn àgbà tó mọ ìmọ̀ ilẹ̀ wọn náà sì ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ wọn. Ní apá ibẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí àwọn tíṣà ọmọ onílẹ̀ máa ń ṣe tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Wọ́n á ya róbótó ńlá kan sórí páálí, wọ́n á pín in sí àsìkò: ìgbà tí odò kún, ìgbà tí odò fà. Wọ́n á wá lọ jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n á bi wọ́n pé ẹja wo ló ń gòkè lásìkò yìí, èso wo ló ń pọ́n, ẹyẹ wo ló ń ké tí a fi ń mọ̀, iṣẹ́ wo ni obìnrin ń ṣe, èwo ni ti ọkùnrin, èwo ni ọmọ ọdún mẹ́jọ lè bá wọn ṣe. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á kọ sínú róbótó yẹn ní èdè wọn. Nígbà tí ọdún bá yí, tíṣà ò nílò kó máa wá ohun tó máa kọ́ àwọn ọmọ kiri. Lóṣù tí odò fà, kíláàsì á lọ sétí odò, wọ́n á ka ẹja, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya á, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀, wọ́n á bi àgbà tó ń pẹja léèrè ìdí tí kì í fi í pa èyí tó ní ẹyin nínú. Ìṣirò ti wà níbẹ̀, sáyẹ́ǹsì ti wà níbẹ̀, èdè náà ti wà níbẹ̀. Kò sí bí ẹni tó fi ọdún mẹ́rin jókòó sílùú ńlá ṣe fẹ́ kó irú nǹkan yìí jọ, torí àwọn àgbà ò sí níbẹ̀, odò náà ò sì sí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àṣà nìkan ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ Comissão Pró-Índio bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tíṣà ọmọ onílẹ̀ ní Acre, ní Brazil, lọ́dún 1983, ọ̀kan lára ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń fẹ́ kíákíá ni ìṣirò, torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gá onírọ́bà ti ń wọn rọ́bà wọn, tí wọ́n ń kọ gbèsè sí wọn lọ́rùn, tí kò sẹ́ni tó lè ka ìwé gbèsè yẹn. Àwọn fúnra wọn ló sọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, wọ́n sì kọ́ tíṣà fún un.

Àbùkù ẹ̀ ò ṣòroó rí. Ó máa ń pẹ́, ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń tán èèyàn lára torí kò sí ọlidé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ẹ̀, ilé ẹ̀ náà fẹ́ rí i. Tí yunifásítì ò bá rán ẹnikẹ́ni wá sábúlé láàárín ìgbà yẹn, "àsìkò àwùjọ" á wá di àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ dá wà pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò yé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ló ń bọ̀, ìgbà mélòó lọ́dún, ta ló ń san owó ọkọ̀ ẹ̀? Tí wọn ò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú orúkọ àti iye, ètò náà ò tíì délẹ̀.

Kẹ́ ẹ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiyín sílẹ̀

Kò sí èyí tó lágbára tó èyí, kò sì sí èyí tó pẹ́ tó o. Ní Guovdageaidnu, lápá àríwá Norway, àwọn Sámi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiwọn láti 1989, èdè Sámi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kọ́ tíṣà, òun ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì, àwọn Sámi láti Sweden àti Finland náà ń wá síbẹ̀. Àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1968, òun ló ń jẹ́ Diné College lónìí, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ ẹ̀yà fúnra ẹ̀. Ní New Zealand, àwọn Māori dá Te Wānanga o Raukawa sílẹ̀ ní Ōtaki lọ́dún 1981, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá gbé pa pọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á kàwé, wọ́n á padà sílé. Ọdún 1993 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà á wọlé lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín, àwọn èèyàn ń kọ́ni lásìkò yẹn, wọ́n ń wá owó, wọ́n ń ṣe é lọ.

Ní Hawaii wọn ò dá yunifásítì tuntun sílẹ̀, inú èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Òfin 1896 ti lé èdè wọn kúrò nílé-ìwé, ọdún 1986 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó padà. Àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní èdè Hawaii kó tó dìgbà yẹn, àwọn ọmọ ń dàgbà, wọ́n nílò tíṣà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì tó wà ní Hilo ṣe wá ní ètò Kahuawaiola: ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti ní dìgírì, kó sì ti gbọ́ èdè Hawaii dáadáa, torí èdè yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níṣẹ́ tíṣà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní èdè náà ò ní máa wá ọ̀rọ̀ tó bá dé iwájú ọmọ.

Ta ni ọ̀nà yìí wà fún? Àwọn tó pọ̀ níye, tàbí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó bá lè para pọ̀. Àwùjọ tó ní ilé-ìwé kan àti ọgọ́rùn-ún ọmọ ò lè dá gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì, kẹ́ ẹ má sì tan ara yín.

Kẹ́ ẹ gba àṣẹ fún àwọn àgbà tó gbọ́ èdè

Èyí ò pẹ́ ṣàlàyé. Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, láìsẹ́ǹsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Class 7, ẹ̀yà fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ẹni yìí gbọ́ èdè wa, ó mọ àṣà wa, ìjọba á sì fún un ní láìsẹ́ǹsì láti kọ́ èdè àti àṣà nílé-ìwé. British Columbia ní Kánádà náà ní irú ẹ̀. Nígbà tí àwọn Māori bẹ̀rẹ̀ kōhanga reo, ìyẹn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní èdè wọn, lọ́dún 1982, àwọn ìyá àgbà tó gbọ́ èdè ló jókòó ti àwọn ọmọ kékeré, wọn ò dúró de ìwé-ẹ̀rí kankan, ká ní wọ́n dúró ni, àwọn ìyá yẹn ò bá ti lọ.

Ó yá, owó ẹ̀ kéré, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó ń gbé èdè àgbà wọ etí ọmọ tààrà bí èyí. Ṣùgbọ́n láìsẹ́ǹsì yìí sábà máa ń mọ sórí èdè àti àṣà nìkan, kò lè jẹ́ kí ẹni yẹn di tíṣà kíláàsì, owó oṣù ẹ̀ sì lè má tó ti ẹlòmíì. Ìyá tó gbọ́ èdè dáadáa lè má mọ bó ṣe máa tọ́jú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú yàrá kan. Ẹ fi tíṣà ọ̀dọ́ tó ń kàwé lọ́wọ́ tì í, kí àwọn méjèèjì jọ wà nínú kíláàsì, kí ọ̀dọ́ kọ́ èdè lẹ́nu ẹ̀, kó bá a di kíláàsì mú.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá jẹ́ pé èdè yín ń kú lọ, tí àwọn tó gbọ́ ọ dénú ti di àgbàlagbà, ẹ gba àṣẹ fún àwọn àgbà lọ́dún yìí, ẹ má dúró. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì tàbí ìkẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ní olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n ti pẹ́ nílé-ìwé yín, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ yín, ẹ mú ọ̀nà ìkẹta, iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé nígbà ọlidé. Wọn ò pọ̀ tó láti pe yunifásítì wá, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti jọ lọ. Ẹ bá àwọn àwùjọ tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi tiwọn kún un.

Tẹ́ ẹ bá lè kó èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ ní agbègbè kan tí gbogbo wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá tí ìyálọ́mọ bá pọ̀ nínú wọn, ẹ pe yunifásítì wá. Ẹ gba àdéhùn ọdún gígùn, ẹ gba olùdánwò méjì, ẹ sì rí i pé kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ á ká wọn dé dìgírì pípé, kì í ṣe sátífíkéètì tó máa parí sí ẹnu odi abúlé yín.

Fún ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ẹbí tó ń gbọ́ bùkátà wọn, tó sì fẹ́ kọ́ fisíìsì tàbí kẹ́mísírì ní kíláàsì àgbà, ìlú ńlá ṣì ni, torí yàrá ìṣèwádìí sáyẹ́ǹsì àti àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yẹn ò sí níbòmíì. Kó wá ètò tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti jọ ń kàwé, kó sì ṣe TP ẹ̀ nílé.

Àwọn ẹ̀yà tó pọ̀, tó ní ilé-ìwé púpọ̀, tó sì ti ní àwọn tó ní dìgírì gíga láàárín wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì tiyín báyìí. Ẹ lè kọ́kọ́ jẹ́ kí yunifásítì kan máa fọwọ́ sí dìgírì náà, kí ẹ̀yin máa kọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọdún báyìí ni àṣẹ fífúnni ní dìgírì máa bọ́ sọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọ́fíìsì tó máa ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún yẹn.